Ohun Tó Wà Nínú Ife Ìyá Ìwó

"Tùú!"

Hóró oògùn funfun kékeré kan fò jáde lẹ́nu Ìyá Ìwó, ó balẹ̀ sí àyà ẹ̀wù Dókítà Abdulhadi, ó lẹ̀ mọ́ ọn. Gbogbo obìnrin tó wà ní yàrá ìwòsàn náà yíjú sí wọn. Dókítà wo àyà rẹ̀, ó wo arúgbó náà, ó tún wo àyà rẹ̀.

"Kí ló wí?" ó bi Sùmáyyà, ọmọbìnrin ògbufọ̀, ní èdè Lárúbáwá.

Ohun tí Ìyá Ìwó wí gan-an ni pé kí dókítà gbé oògùn rẹ̀ lọ fún ìyá tó bí i lọ́mọ, kó sì dúró tì í kó rí i pé ó gbé e mì.

"Ó ní òun ò fẹ́, ẹ ṣeun," ni Sùmáyyà túmọ̀.

"Irọ́ lo pa!" Ìyá Ìwó ké mọ́ ọn láti orí ibùsùn. "Mi ò gbọ́ Lárúbáwá, àmọ́ mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi gùn jù bẹ́ẹ̀ yẹn lọ!"

Sùmáyyà ò ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ nígbà náà. Jídà ni wọ́n bí i sí, ní àdúgbò Híńdáwíyà, níbi tí àwọn tó wá ṣe Háájì tí wọn ò padà sílé mọ́ ti ń gbé pọ̀. Bàbá rẹ̀, Àlàájì Lìádì, ló máa ń gbé omi Sàmúsámù, omi mímọ́ inú kànga Mọ́sáláṣí Ńlá, láti Mẹ́kà wá sí Jídà nínú ìkòkò amọ̀ fún àwọn onírìnàjò. Sùmáyyà ní tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kan létí òkun, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí àìsàn bá bá sọ̀kalẹ̀ látinú ọkọ̀ ojú omi. Ó ń gbálẹ̀, ó ń fọ aṣọ ibùsùn, ó ń wẹ àwọn aláìsàn, ó sì ń ṣe ògbufọ̀, nítorí nínú gbogbo nọ́ọ̀sì ibẹ̀, kò sí ọ̀kan tó gbọ́ Yorùbá.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì wù ú, kì í ṣe kékeré. Bí Sítì Hasna, ìyáàfin tó jẹ́ ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, bá ń kọjá lọ nínú aṣọ funfun tó le gbagidi, tí fìlà rẹ̀ bà lé e lórí bí ẹyẹ lékeléke, ńṣe ni Sùmáyyà máa ń gbàgbé pé ìgbálẹ̀ ń bẹ lọ́wọ́ òun.

Àmọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé Ìyá Ìwó dé, ohun mìíràn ló gbà á lójú. Ẹsẹ̀ arúgbó náà ni. Ó wú, awọ rẹ̀ ń dán, bí èèyàn bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, ojú ibẹ̀ á kó wọnú, kò ní tètè kún. Ṣùgbọ́n àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ le bí awọ bàtà. Ẹsẹ̀ tó ti Ìwó rìn wá ni! Ó gba Kánò, ó gba Bọ̀nú, ó la aṣálẹ̀ Sudan já títí dé etí òkun. Níbi tó bá ti rẹ̀ ẹ́, á bẹ ọkọ̀ akẹ́rù. Níbi tí oúnjẹ bá ti tán, á dúró, á din àkàrà tà, á tún gbéra. Ọdún ń gorí ọdún lójú ọ̀nà. Jùbrílù ọkọ rẹ̀, tí wọ́n jọ kúrò nílé, ti wà lábẹ́ iyanrìn Sudan.

Bí Sùmáyyà bá ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ ẹsẹ̀ náà, á rọra gbé e bí ẹni gbé Kùránì lọ́wọ́. Òun tí wọ́n bí sẹ́gbẹ̀ẹ́ Mẹ́kà, tí kò ju kó bọ́ sínú ọkọ̀ bàbá rẹ̀ kó sì dé ibẹ̀, ta ni òun lẹ́gbẹ̀ẹ́ irú ẹsẹ̀ yìí?

"Ìyá," ó bi í lọ́jọ́ tó tutọ́ sí dókítà lára yẹn, "kí ló dé tẹ́ ò fẹ́ lo oògùn?"

"Ìwọ ọmọ Lárúbáwá tó ń sọ Yorùbá bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀, gbọ́." Èémí Ìyá Ìwó ń já, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ò já. "Ní Sudan, wọ́n gbé ọkọ mi wọ irú ilé oògùn báyìí. Wọn ò wí, wọn ò fọ̀. Wọ́n kàn yọ abẹ́rẹ́. Mo ní kí nìyẹn, wọ́n ní kí n jáde. Nígbà tí mo máa wọlé, wọ́n ti faṣọ bò ó lójú. Ibẹ̀ ni mo ti búra pé oògùn kan ò tún ní kan ahọ́n mi mọ́, àfi omi Sàmúsámù. Òun náà ni mò ń rìn bọ̀ wá mu. Mi ò fẹnu kàn án rí láyé mi. Jẹ́ kí n mu ún, kí n bá àwọn oníháájì dúró ní Árafà, kí ikú wá ṣe bó bá ṣe fẹ́."

Dókítà Abdulhadi kì í ṣe èèyàn burúkú o. Ká má purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Arúgbó yìí ń kú lójú rẹ̀, oògùn àìsàn náà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ni kó ṣe? Ó pe Sítì Hasna àti Sùmáyyà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fa ìgò dúdú kékeré kan yọ lápò.

"Ọkàn rẹ̀ ló ti rẹ̀," ó ní. "Bí kò bá gba oògùn yìí, kò ní rí Árafà. Ó ní Sàmúsámù nìkan lòun máa mu, àbí? Ó dáa. Ẹ máa kán an sínú Sàmúsámù."

Sùmáyyà fà sẹ́yìn. "Sínú Sàmúsámù kẹ̀, dókítà?"

"Àṣẹ mi ni. Ẹ̀bi kan ò sí lọ́rùn yín."

Sítì Hasna fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Yà bint, ìwọ ọmọbìnrin yìí, ta ló bi ọ́ léèrè? Aláìsàn ò yàtọ̀ sí ọmọ ọwọ́. Ìyá wo ló ń tọrọ àyè lọ́wọ́ ọmọ kó tó fún un lóògùn? Ìwọ ló fọkàn tán. Lọ́wọ́ rẹ ló máa gbà á. Bó bá yè, tí o sì pa ẹnu rẹ mọ́, aṣọ funfun kan wà nínú àpótí mi tó máa bá ọ mu rẹ́gí."

Aṣọ funfun! Ọ̀rọ̀ yòókù ò tún wọ Sùmáyyà létí mọ́.

Bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló gbé ìkòkò omi náà wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Àlàájì Lìádì dúró níwájú ibùsùn, ó ń yangàn bí ọkọ ìyàwó. "Ìyá Ìwó, ojúlówó rèé o! Àwọn oníjìbìtì kan wà nílùú yìí, ìdajì Mẹ́kà, ìdajì kànga Jídà ni wọ́n ń gbé káàkiri. Èmi Lìádì, ẹ bi gbogbo Híńdáwíyà wò, mi ò bu omi mọ́ omi rí láyé mi."

Lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, nídìí fèrèsé, ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀ ń kán oògùn sínú ife.

Ìyá Ìwó fi ọwọ́ méjèèjì gba ife náà. Ó ní kí wọ́n yí òun kọjú sí ọ̀nà Mẹ́kà. Ó ṣe bísímílà. Kó tó gbé e kan ẹnu, omijé ti ń ṣàn lójú rẹ̀ wá sí àgbọ̀n. Àwọn aláìsàn dìde jókòó láti wò ó. Ó mu ún díẹ̀díẹ̀, ó di ojú.

"Ó korò díẹ̀," ó sọ jẹ́jẹ́. Ó la ojú, ó wo Sùmáyyà. "Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rí?"

Láti kékeré ni Sùmáyyà ti ń mu Sàmúsámù. Ó wúwo lẹ́nu, iyọ̀ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Kò korò.

"Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rí, Ìyá."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni pabanbarì. Wíwú ẹsẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Obìnrin tí kò lè dùbúlẹ̀ láìjẹ́ pé èémí há a mọ́ ọ̀fun ń sùn, ó ń hanrun. Kò pẹ́, ó jókòó fúnra rẹ̀. Kò pẹ́, ó sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀. Kò pẹ́, ó di ògiri mú, ó ń rìn, ó ń bú nọ́ọ̀sì tó ní kó padà sórí ibùsùn. Àwọn obìnrin láti yàrá mìíràn ń rọ́ wá wò ó. Ará Yemen, ará Jáfà, ará Sudan, wọ́n ń fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n ń ké "Àlàhú Àkúbárù!" Ó ya Sùmáyyà alára lẹ́nu. Ẹ̀kán oògùn bíńtín, ó gbé arúgbó dìde! Bí ọkàn bá sì ń dá a lẹ́bi, á fi ọ̀rọ̀ pa á lẹ́nu mọ́: "Ṣebí Ọlọ́run ló ni omi, Ọlọ́run náà ló ni oògùn. Kí ló kàn mí níbẹ̀?"

Àṣegbé kan ò sí, àṣepamọ́ ló wà.

Ọmọ kékeré kan wà lórí ibùsùn tó tẹ̀ lé ti Ìyá Ìwó. Asiya lorúkọ rẹ̀, omi gbígbóná ló bó o lápá. Salma ìyá rẹ̀ kì í kúrò níbẹ̀. Ọgbẹ́ ọmọ náà ti ń jinná, wọ́n ti fẹ́ máa lọ sílé, ni ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Ohun tó bá jẹ, á bì í. Ó rẹ̀ tẹẹ́. Ó ní ògiri funfun ti di àwọ̀ ìyeyè lójú òun. Dókítà gbé ohun èlò rẹ̀ lé e láyà, ojú rẹ̀ fà ro. Ọkàn ọmọ náà ń lù lọ́ra, wọ́ọ́rọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ọkàn arúgbó.

"Ẹ̀rù ń bà mí fún ọpọlọ rẹ̀," ó sọ fún Sítì Hasna.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, Sùmáyyà gbé ife fún Ìyá Ìwó bó ṣe máa ń ṣe, ó sì yíjú láti ká aṣọ ibùsùn. Ló bá gbọ́ ohùn arúgbó náà lẹ́yìn rẹ̀, tó ń fọ́ Lárúbáwá bí ẹní fọ́ àgbàdo. "Táàlì, Asiya, táàlì. Wá gba tìẹ. A kì í dá oore Ọlọ́run jẹ."

Sùmáyyà bojú wẹ̀yìn. Ìdajì ife náà wà lẹ́nu Asiya. Salma gbé ọwọ́ sókè, ó ń ṣe àdúà fún Ìyá Ìwó bí ẹni pé ó ti mọ́ ọn lára.

Ó ti mọ́ ọn lára ni!

Ta ló ń dá Sàmúsámù mu? Ní ilé wo? Bí ìkòkò kan bá wọ Híńdáwíyà, gbogbo agboolé ló ń tọ́ ọ wò, títí kan ọmọ ọwọ́ tí wọ́n á fi ìka kán an sí lẹ́nu. Dókítà gbàgbé. Hasna gbàgbé. Èwo wá ni ti Sùmáyyà, ọmọ Lìádì, tó jẹ́ pé omi yẹn gan-an ni wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà?

Ó fò. Ọwọ́ rẹ̀ ba ife náà, ife fò lọ, omi tú yàà sílẹ̀.

Ariwo sọ. "Ó da Sàmúsámù nù!" "Àsìtàfúrúlà!" Obìnrin kan sáré fi ìborùn rẹ̀ nu omi náà nílẹ̀, ó fi pa ojú. Ìyá Ìwó jókòó, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè níbi tí ife ti kúrò. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀.

"Sùmáyyà. Kí ni mo fi ṣe ọ́?"

Kí Sùmáyyà tó lè fèsì, Sítì Hasna ti wọ́ ọ lọ sí yàrá ìkẹ́rùsí, ó tilẹ̀kùn.

"Asiya ti ń mu ún!" ni Sùmáyyà ké. "Oògùn náà ni!"

"Ìdajì ife? Kò lè pa ẹ̀fọn."

"Ọjọ́ kan kọ́, Sítì! Àràárọ̀ ni!"

Hasna fi pẹ̀lẹ́ dá a lóhùn. "Gbọ́ mi dáadáa. Ọmọ náà ò ní mu ún mọ́, oògùn á kúrò lára rẹ̀. Àmọ́ bí o bá la ẹnu, tí wọ́n gbọ́ pé nọ́ọ̀sì da nǹkan sínú Sàmúsámù, aláìsàn kan ò tún ní gba omi lọ́wọ́ wa. Mélòó ló máa kú? Ro ó." Ó ṣí àpótí, ó fa aṣọ funfun náà yọ, ó tẹ́ ẹ lé Sùmáyyà lápá. "Dákẹ́. Tìẹ nìyí."

Aṣọ náà le, ó ń rùn fún ọṣẹ. Lékeléke bà lé e lápá. Ẹ má sì jẹ́ ká tan ara wa: ọ̀rọ̀ Hasna kì í ṣe ọ̀rọ̀ wèrè. Ọgbọ́n wà níbẹ̀. Ìdẹwò tí kò bá lọ́gbọ́n nínú, ta ló ń kó sí i?

Sùmáyyà ṣì dì í mú nígbà tó gbọ́ igbe Salma.

"Kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe fún un? Ẹ sọ fún mi!"

Ó yọjú. Wọ́n ti dojú Asiya dé. Abẹ́rẹ́ gígùn kan ń dán lọ́wọ́ dókítà; eegun ẹ̀yìn ọmọ náà ló fẹ́ gún, láti wá àìsàn ọpọlọ tí kò sí níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan ń ti Salma sẹ́yìn. "Ẹ jáde," ó ń wí. "Ẹ sá jáde ná."

*Mo ní kí nìyẹn, wọ́n ní kí n jáde.*

Aṣọ funfun já bọ́ lápá Sùmáyyà. Kò bẹ̀rẹ̀ mú un.

"Dókítà, ẹ dúró! Oògùn ọkàn ló mu! Ìyá Ìwó ti ń fún un nínú Sàmúsámù rẹ̀, mi ò mọ̀! Èmi ni mò ń kán an!"

Abẹ́rẹ́ náà padà sínú àwo. Ojú dókítà funfun bí ẹ̀wù rẹ̀. Kò bú u, kò bi í ní ìbéèrè méjì. Ó sáré gbé ọmọ náà yí padà, ó ń pe oògùn tó máa pa ti àkọ́kọ́, ó sì jókòó tì í, ìka rẹ̀ kò kúrò lọ́rùn ọwọ́ ọmọ náà. Salma fọ́ Sùmáyyà létí, gbàù! Lẹ́yìn náà ló dì mọ́ ọn, tó ń sunkún. Kí ọjọ́ Jímọ̀ tó dé, Asiya ti ń ké pé búrẹ́dì tí wọ́n fún òun kéré.

Gbogbo yàrá ló ti gbọ́, àfi ẹni kan. Èdè Lárúbáwá ni wọ́n fi jà á, èdè náà ni wọ́n fi parí rẹ̀. Ìyá Ìwó jókòó láàárín wọn, ó ń wo ẹnu wọn bí ẹni wo ẹja nínú omi.

"Má sọ fún un," ni dókítà wí fún Sùmáyyà, ó sì ti rẹ̀ ẹ́ gan-an. "Bó bá gbọ́, kò ní mu ún mọ́. Bí kò bá mu ún, ó kú nìyẹn. Ẹ kàn máa rí i pé ó mu ún tán."

Ó tún na ìgò dúdú náà sí i.

Nígbà tí Sùmáyyà débi ibùsùn, Ìyá Ìwó rẹ́rìn-ín sí i. "Ṣé o ò ní da ti òní náà nù? Má dúró bẹ́ẹ̀, mo ti dárí jì ọ́. Ó rẹ̀ ọ́ ni. Gbé Sàmúsámù mi wá."

Ẹni tó bú dókítà lójú ara rẹ̀ ló ń tọrọ ìyẹn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nítorí pé ó gbà á gbọ́. Ìyẹn ló fọ́ Sùmáyyà. Ó kúnlẹ̀.

"Ìyá, mo parọ́ fún yín. Sàmúsámù ò korò."

Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò dín, kò fi kún un. Nígbà tó parí, Ìyá Ìwó gbé ife tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn sọ́wọ́, ó wo inú rẹ̀ títí, ó sì gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni gbé ẹyin.

"Nítorí náà, mi ò tíì mu Sàmúsámù."

"Ẹ ò tíì mu ún, Ìyá."

"Gbogbo ọ̀nà yẹn. Mo dé, mo sunkún, mo dúpẹ́. Lórí irọ́."

Ó yí ojú sí ògiri.

Òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà. Ìyá Ìwó ò gba oògùn, kò gba oúnjẹ, kò gba Sàmúsámù pàápàá. Ẹsẹ̀ náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Hasna lé Sùmáyyà lọ sí ilé ìfọṣọ lẹ́yìnkùlé. "Ṣé o rí i báyìí?" ó ní. "Òótọ́ rẹ ló ń pa á." Sùmáyyà ń fọ aṣọ, ó ń sunkún sínú ọpọ́n.

Ibẹ̀ ni bàbá rẹ̀ bá a. Sùmáyyà sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Àlàájì Lìádì jókòó sórí òkúta.

"Omi mi," ó ní. "Lẹ́yìn mi. Níbi tí mo ti ń fọ́nnu." Ó mi orí. Sùmáyyà rò pé yóò nà òun. Ńṣe ló dìde. "Nu ojú rẹ. Ẹni tó da omi rú kì í dúró lókèèrè kó máa retí pé kó tòrò. A ń lọ."

Kò bẹ Ìyá Ìwó nítorí ọmọ rẹ̀. Ó kàn gbé ìkòkò tuntun kalẹ̀ níwájú rẹ̀, ó bu omi, òun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ mu.

"Mi ò mu," ni Ìyá Ìwó wí fún ògiri. "Ibi tó ti ń sun ni mo ti máa mu ún, lójú ara mi."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Lìádì dáhùn. "Ẹsẹ̀ wo lẹ máa fi débẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ yẹn le. Sùmáyyà rò pé àpótí èébú ti ṣí. Ṣùgbọ́n arúgbó náà kàn wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú.

"Ìyá," ni Sùmáyyà wí, "ẹ jẹ́ kí dókítà sọ ohun tó ń ṣe yín fún yín. Màá túmọ̀ rẹ̀."

"Ìwọ?"

"Mi ò ní yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò."

"Bó bá ṣe gùn tó?"

"Bó bá ṣe gùn tó, Ìyá."

Dókítà Abdulhadi wá. Ó dúró, Ìyá Ìwó ní kó jókòó, ọrùn ń dun òun. Ó jókòó. Ó sọ pé ọkàn dà bí ẹni tó ń fa omi nínú kànga. Ti Ìyá Ìwó ti ń fà á láti Ìwó, apá ti rọ, omi ò gòkè mọ́, ló fi dúró sí ẹsẹ̀. Oògùn inú ìgò dúdú yìí ló ń fún apá náà lágbára. Ara ewé kan ni wọ́n ti yọ ọ́. Bó bá pọ̀ jù, ó lè pa èèyàn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Asiya.

Ìyá Ìwó gbé orí sókè. "Ewé?"

"Ewé ni."

"Ewé ni, ẹ ò wí!" Ohùn rẹ̀ padà dé, ó gba gbogbo yàrá. "Ewé ni wọ́n fi tọ́ mi, ewé ni mo fi tọ́ ọmọ mi! Ẹ bi mí rí? Ẹ sọ orúkọ àìsàn mi létí mi rí? Kìkì la ẹnu, la ẹnu! Ẹnu mi kì í ṣe ahoro. Onílé wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé, kó ké àgò! Túmọ̀ ìyẹn fún un."

Sùmáyyà túmọ̀ rẹ̀, títí kan ahoro.

Dókítà tẹ orí ba. "Sọ fún un pé òótọ́ ló sọ," ó ní. "Sọ fún un pé mo tọrọ àforíjì. Sọ fún un pé mo wá ké àgò."

Ìyá Ìwó yíjú sí bàbá Sùmáyyà. "Mo ti búra ńkọ́, Lìádì?"

"Ìbúra ní ìtánràn, Ìyá. A ó bọ́ àwọn aláìní, Ọlọ́run á gbà á."

"Kí wọ́n bu omi ẹ̀rọ wá, nígbà náà. Kí wọ́n kán an níṣojú mi. Kí oògùn wà láàyè rẹ̀, kí Sàmúsámù wà láàyè tirẹ̀. Kí o sì sọ fún dókítà pé bó bá tún bò mí lójú, àyà ẹ̀wù rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀."

Sùmáyyà túmọ̀ ìyẹn náà. Dókítà rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

Ìyá Ìwó dúró ní Árafà lọ́dún náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àga ló fi dúró. Lẹ́yìn rẹ̀, Lìádì àti Sùmáyyà mú un láti ilé ọ̀rẹ́ wọn kan ní Az-Zahir, àdúgbò kan ní Mẹ́kà, lọ sí Mọ́sáláṣí Ńlá, lọ́dún tí wọ́n ń fẹ̀ ẹ́, tí àtẹ̀gùn igi àti òkúta gígé wà káàkiri. Sùmáyyà ti wọ ibẹ̀ tó ìgbà tí kò lè kà. Ó rò pé òun mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yọ láàárín àwọn òpó, tí Káábà dìde níwájú wọn nínú aṣọ dúdú rẹ̀, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ń yí i po bí omi tí kò mọ ibi tí òun ti bẹ̀rẹ̀, Ìyá Ìwó dúró. Ẹnu tí kò gbé rí gbé. Ó na ìka sí i bí ọmọdé, ó wo Sùmáyyà, ó tún na ìka. Sùmáyyà tẹ̀ lé ìka náà, ó sì rí Káábà bí ẹni tí kò rí i rí. Ẹ̀rù Ọlọ́run bò ó láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

Nídìí kànga, Lìádì ò bu omi náà, Sùmáyyà ò bù ú. Ẹni tó ń fún àwọn èèyàn lómi ló bù ú, ó sì nà án sí arúgbó náà tààrà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Bísímílà. Ó mu ún díẹ̀díẹ̀, ó di ojú.

Ó la ojú.

"Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rí?" ó bi Sùmáyyà.

Ìyá Ìwó na ìdajì ife náà sí i. Sùmáyyà mu ún. Ó wúwo lẹ́nu, iyọ̀ díẹ̀ wà nínú rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rí, Àlàájà."

Nígbà tí Sùmáyyà padà sí Jídà, ilé ìfọṣọ náà ló padà sí. Hasna ò fún un ní aṣọ funfun, ó sì pẹ́ gan-an kí ẹlòmíràn tó fún un. Nígbà tó wọ̀ ọ́ nígbẹ̀yìn, kò sí aláìsàn tó fún lóògùn láìkọ́kọ́ sọ orúkọ oògùn náà àti iṣẹ́ rẹ̀ fún un, àgbà ni, ọmọdé ni, oníkanra ni.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ di nọ́ọ̀sì, tí ẹ fẹ́ di dókítà, ẹ̀yin tí ẹ máa gba agbára lórí ara ẹlòmíràn lọ́jọ́ kan, ẹ fi èyí sọ́kàn. Oore tí a fi ẹ̀tàn ṣe, a kì í mọ ẹnu tó máa bọ́ sí. Àṣẹ ọ̀gá ò sì lè fọ ọwọ́ ẹni tó kán an. Kò sí ara tí kò ní onílé. Kí ẹ tó wọlé, bó ti wù kí oògùn yín dára tó, ẹ ké àgò.